Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Olóòtú Ìwé Ìròyìn Ìmọ̀ Awọ Ara: Ẹ Máa Bi Wá Ibi tí Purotéènì Náà Wà àti Ohun tó Ń Ṣe Níbẹ̀

Ẹ̀yin olóòtú wa, àti ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń bá wọn yẹ iṣẹ́ wò kó tó jáde,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé kíkà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la bá wá. Ó kan bí àwa tí a ń ṣe ìwádìí ṣe máa ń sọ pé purotéènì adarí jíìnì kan "pọ̀ sí i" tàbí "dín kù" nínú awọ ẹni tó ní psoriasis, àrùn tó ń mú kí awọ nípọn, kó sì máa yọ èépá, àti bí ẹ̀yin náà ṣe máa ń tẹ ọ̀rọ̀ yẹn jáde bí ẹni pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ parí sí. Wọ́n á gé awọ, wọ́n á lọ̀ ọ́ pọ̀, wọ́n á ṣe Western blot, àyẹ̀wò tó ń fi purotéènì hàn bí ìlà dúdú, ìlà kan á nípọn ju èkejì lọ, àkọlé á sì jáde pé purotéènì yìí ló wà nídìí àrùn. A ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má jẹ́ kí irú àkọlé bẹ́ẹ̀ jáde mọ́ àfi tí iṣẹ́ náà bá dáhùn ìbéèrè mẹ́ta. Inú sẹ́ẹ̀lì wo ni purotéènì náà wà? Apá ibo ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì náà? Ṣé ó di DNA mú níbẹ̀, tí jíìnì tó wà nítòsí sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu?

Ẹ jẹ́ ká ti ìpìlẹ̀ bọ̀ díẹ̀ nítorí àwọn òǹkàwé tí kì í ṣe oníṣẹ́ yàrá ìwádìí. Purotéènì adarí jíìnì ni purotéènì tó lè dá àmì kúkúrú kan mọ̀ lára DNA, tó lè dì mọ́ ibẹ̀, tí á sì mú kí jíìnì kan ṣiṣẹ́ tàbí kó dákẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ló máa ń wà nínú sẹ́ẹ̀lì láìṣe nǹkan kan. NF-κB ni àpẹẹrẹ tó hàn jù. p65, apá kan lára rẹ̀, wà nínú omi sẹ́ẹ̀lì lọ́pọ̀ yanturu, ṣùgbọ́n purotéènì mìíràn, IκBα, dì í mú síbẹ̀, kò jẹ́ kó wọ kóró sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ilé tí DNA ń gbé. Ìgbà tí àṣẹ bá dé láti òde pé kí wọ́n ba IκBα jẹ́ ni p65 tó rí ọ̀nà wọlé. STAT3, adarí jíìnì mìíràn, náà ní tirẹ̀: kò lè ṣe iṣẹ́ tí a mọ̀ ọ́n sí jù àfi tí wọ́n bá so kẹ́míkà kékeré kan, fọ́sífétì, mọ́ ibi kan lára rẹ̀ tó ń jẹ́ tyrosine 705. Iye p65 tàbí iye STAT3 lè dúró bó ṣe wà láti àárọ̀ dé alẹ́, kí iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì ti yí padà pátápátá. Ọkọ́ tó wà lájà kò tíì kọ ebè kankan. Western blot tí a fi gbogbo awọ ṣe, ọkọ́ ló ń kà. Ebè la fẹ́ mọ̀.

Wàhálà yìí pọ̀ nínú psoriasis ju nínú ọ̀pọ̀ àrùn mìíràn lọ, torí pé awọ tí àrùn wà lára rẹ̀ àti awọ tí a fi ń wé e kì í ṣe irú kan náà mọ́. Keratinocyte, sẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ jù nínú awọ òkè, máa ń lo nǹkan bí oṣù kan láti ìpele ìsàlẹ̀ tí wọ́n ti bí i títí tí yóò fi bọ́ dànù. Nínú ojú àrùn, ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún péré ni. Awọ òkè nípọn ní ìlọ́po mélòó kan, ìpele oníhóró wẹ́wẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó dé òkè pátápátá ṣì gbé kóró wọn dání, nígbà tó jẹ́ pé ó yẹ kí kóró náà ti lọ. Sẹ́ẹ̀lì T àti neutrophil, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ogun ara, ti rọ́ wọ ibẹ̀, àwọn náà sì ní NF-κB àti STAT3 tiwọn. Tí a bá lọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ife kan, tí STAT3 wá pọ̀, ta ló ni ín? Keratinocyte ni, àbí sẹ́ẹ̀lì T tó wá gbógun? Blot náà kò lè sọ.

Àwa kò sọ pé àwọn purotéènì wọ̀nyí kò ṣe pàtàkì. Àwọn gan-an ni ọ̀nà tí ariwo láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun ara gbà ń di èépá lójú awọ. IL-23 ń mú kí sẹ́ẹ̀lì T máa tú IL-17 àti IL-22 jáde, TNF náà kò sì gbẹ́yìn; purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ síra wọn ni gbogbo wọn. IL-22 ń jí STAT3 nínú keratinocyte, èyí tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì pọ̀ kí ó má sì gbó bó ṣe yẹ. TNF ń jí NF-κB. IL-17A, irú IL-17 kan, ń gba ọ̀dọ̀ purotéènì Act1 kọjá sí NF-κB, sí àwọn adarí jíìnì C/EBPβ àti C/EBPδ, ó sì ń mú kí IκBζ, tó ń bá NF-κB darí jíìnì, pọ̀ gidigidi. Láti ibẹ̀ ni àwọn jíìnì bíi S100A8, S100A9, LCN2 àti DEFB4 ti ń gbéra sọ. Ẹ̀rí àjogúnbá náà tọ́ka síbẹ̀: àwọn ibi tí TNFAIP3, TNIP1, NFKBIA, REL àti TRAF3IP2 wà lórí DNA wà lára àwọn ibi tí ewu psoriasis ti jẹ yọ, gbogbo wọn ló sì jẹ mọ́ ọ̀nà NF-κB tàbí ti IL-17. Ní 2012, wọ́n fi hàn pé àyípadà nínú CARD14, tó ń ti NF-κB nínú keratinocyte, lè fa psoriasis nínú ìdílé. Nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí wúwo tó bẹ́ẹ̀ ló fi ń dùn wá pé à ń fi ẹ̀rí tó fúyẹ́ gbé e kiri.

Ẹ wo ọ̀ràn JunB, adarí jíìnì kan nínú ẹbí tí wọ́n ń pè ní AP-1, tí c-Jun náà wà nínú rẹ̀. Ní 2005, àwọn olùwádìí kan yọ JunB àti c-Jun kúrò nínú awọ òkè eku tó ti dàgbà, awọ eku náà sì di ohun tó jọ psoriasis, oríkèé ara rẹ̀ náà wú. Wọ́n ròyìn pẹ̀lú pé JunB dín kù nínú ojú àrùn àwọn èèyàn. Ní 2006, ẹgbẹ́ mìíràn ròyìn pé mRNA JunB, ìyẹn ẹ̀dà àṣẹ jíìnì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe purotéènì, àti purotéènì rẹ̀ pọ̀ sí i ni nínú ojú àrùn. Lójú ẹni tó ń kàwé láti òde, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ ti ṣìṣe. Lójú wa, kò pọn dandan. JunB wà nínú keratinocyte, ó sì wà nínú sẹ́ẹ̀lì T. Iye rẹ̀ lè yàtọ̀ láti ìpele ìsàlẹ̀ sí ìpele òkè. Ojú àrùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tó ti wà lára fún ọdún mẹ́wàá. Ohun tí wọ́n sì fi ṣe òṣùwọ̀n, bóyá β-actin ni tàbí GAPDH, lè yí padà fúnra rẹ̀ nígbà tí awọ bá nípọn. Ká ní àwọn olóòtú ìgbà náà ti ń béèrè ìpele, irú sẹ́ẹ̀lì àti ọjọ́ orí ojú àrùn ni, iyàn náà ì bá ti kúrú.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí iṣẹ́ ọwọ́ wàyí, torí ibẹ̀ ni nǹkan ti ń bàjẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan áńtíbọ́dì, ohun tí a fi ń ṣàwárí purotéènì kan pàtó.

Gígé awọ fúnra rẹ̀ ọgbẹ́ ni. FOS àti àwọn ẹbí rẹ̀ nínú AP-1 wà lára àwọn jíìnì tó kọ́kọ́ máa ń jí nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá farapa. mRNA FOS máa ń dé góńgó ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, á sì tún wálẹ̀. Bí awọ tí wọ́n gé láti ojú àrùn bá wọ náítírójìn olómi ní ìṣẹ́jú méjì, tí èyí tó wá láti ibi tó mọ́, tí àrùn kò sí, sì dúró lórí tábìlì fún 40 ìṣẹ́jú torí pé wọ́n ń rán ojú ọgbẹ́ lọ́wọ́, ìyàtọ̀ AP-1 tí ẹ máa rí kì í ṣe ti psoriasis, ti aago ni. Fọ́sífétì ara STAT3 àti p65 tún yára ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè já láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí gbogbo iṣẹ́ kọ iye ìṣẹ́jú láti ìgbà tí irin wọ ara títí di ìgbà tí awọ wọ yìnyín tàbí formalin. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò pọ̀ jù láti béèrè, kí ó sì bára mu fún méjèèjì. Oògùn tí wọ́n fi ń mú kí ara kú kí gígé má dunni náà yẹ kó yí ibẹ̀ ká ni, kí wọ́n má gún un sí àárín awọ tí wọ́n fẹ́ gé.

Láti ara ẹnì kan náà ni kí awọ méjèèjì ti wá, láti apá ara kan náà, ìgbọ̀nwọ́ pẹ̀lú ìgbọ̀nwọ́ tàbí ẹ̀yìn pẹ̀lú ẹ̀yìn. Awọ àtẹ́lẹwọ́ ní keratin, purotéènì tó ń mú awọ le, tirẹ̀ tí kò sí lápá, kò ṣe é fi wé ẹ̀yìn. Ibi tó mọ́ náà kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ etí ojú àrùn. Sẹ̀ńtímítà márùn-ún ó kéré tán. Ká má sì gbàgbé pé ibi tó mọ́ lára ẹni tó ní psoriasis kì í ṣe awọ ẹni tí kò ní in rárá, nítorí náà ẹ̀ka kẹta, ti àwọn tí ara wọn dá, ṣe pàtàkì. Oògùn tí aláìsàn ń lò náà ń kọ́? Ọ̀sẹ̀ méjì láìfi ìpara sí ibi tí wọ́n máa gé, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láìlo oògùn alámumì tàbí ìtànṣán, ọ̀sẹ̀ 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn abẹ́rẹ́ tó ń dí IL-17, IL-23 tàbí TNF. Ẹni tó fi ìpara steroid pa ara lánàá ti yí adarí jíìnì kan padà tààrà, a óò padà sórí ìyẹn láìpẹ́.

Irin gígé tó fẹ̀ ní mílímítà mẹ́rin ló wọ́pọ̀. Ojú awọ tó ń gé kò ju nǹkan bí mílímítà oníhà mẹ́rin 12.6 lọ. Èyí tó fẹ̀ ní mílímítà mẹ́fà ń fún wa ní nǹkan bí 28, ó lé ní ìlọ́po méjì. Ẹni tó bá sọ pé òun gé kékeré kan ṣoṣo, òun yọ RNA, òun ya purotéènì kóró sọ́tọ̀, òun tún ṣe ìdìmọ́ DNA nínú rẹ̀, ẹ bi í léèrè bó ṣe pín in.

Yíya kóró sọ́tọ̀ kúrò lára omi sẹ́ẹ̀lì ni ọ̀pọ̀ ń fi dáhùn ìbéèrè "apá ibo". Ìlànà rẹ̀ kò ṣòro: omi bọ́fà tí iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ (HEPES 10 mM, KCl 10 mM, MgCl₂ 1.5 mM) á mú kí sẹ́ẹ̀lì wú, NP-40 díẹ̀, irú ọṣẹ kan, á tú ìta rẹ̀, ẹ̀rọ centrifuge á kó kóró sísàlẹ̀, NaCl 420 mM nínú glycerol á wá fa purotéènì jáde láti inú kóró náà fún ìṣẹ́jú 30 ní 4 °C. Kí orthovanadate 1 mM àti sodium fluoride wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ fọ́sífétì á já. Ohun tó máa ń bàjẹ́ ni pé awọ tí wọ́n ti fi náítírójìn dì kò dára fún iṣẹ́ yìí. Yìnyín ti ya ara kóró púpọ̀, ohun inú rẹ̀ á dà síta nígbà tó bá yọ́, p65 tó wà nínú kóró á wá hàn nínú omi sẹ́ẹ̀lì. Awọ òkè tún le nítorí keratin. Ẹni tó bá lọ̀ ọ́ gidi kó lè fọ́ á fọ́ kóró náà mọ́ ọn, ẹni tó bá rọra lọ̀ ọ́ á fi ìdajì sílẹ̀. Nítorí náà ẹ má gba àwòrán yíya sọ́tọ̀ láìsí lamin A/C tàbí histone H3, tí inú kóró ni ibùgbé wọn, lápá kan àti tubulin, tí omi sẹ́ẹ̀lì ni tirẹ̀, lápá kejì, lórí blot kan náà, nínú gbogbo ìlà, kì í ṣe nínú ìlà kan tí wọ́n ṣà tó dára. Tí lamin bá hàn nínú omi sẹ́ẹ̀lì, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn.

Fún awọ tí wọ́n gé lára èèyàn, a fara mọ́ wíwo rẹ̀ lábẹ́ máíkírósíkópù ju yíya sọ́tọ̀ lọ. Pẹlẹbẹ tó nípọn ní máíkírómítà márùn-ún sí méje. Áńtíbọ́dì p65 tàbí ti STAT3 tó ní fọ́sífétì. DAPI láti fi kóró hàn. Keratin 5 láti mọ ìpele ìsàlẹ̀, keratin 10 láti mọ àwọn ti òkè rẹ̀. CD45 láti mọ àwọn àlejò, ìyẹn àwọn ọmọ ogun ara. Lẹ́yìn náà kí ẹni tí kò mọ èyí tó jẹ́ ti àrùn ka kóró, ìpele kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, igba kóró ó kéré tán fún awọ kọ̀ọ̀kan, kó sọ mélòó ló ní p65 nínú. Nǹkan kan ṣoṣo tí ọ̀nà yìí ń béèrè ni sùúrù. Ó ń fi hàn bóyá STAT3 ń tàn nínú keratinocyte ìsàlẹ̀ tàbí nínú sẹ́ẹ̀lì T tó jókòó sáàárín wọn, èyí tí blot kò lè ṣe láéláé. Ní 2005 kan náà ni irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ fi hàn pé p65 tó ní fọ́sífétì pọ̀ nínú awọ òkè ojú àrùn, pé ó sì ń wálẹ̀ bí etanercept, oògùn tó ń dí TNF, ṣe ń ṣiṣẹ́.

Áńtíbọ́dì fúnra rẹ̀ ń kọ́? p63, adarí jíìnì mìíràn, ní irú méjì pàtàkì, ΔN àti TA. ΔN ló gba ìpele ìsàlẹ̀ awọ. Áńtíbọ́dì tó mú gbogbo irú p63 kò lè sọ ìyàtọ̀. JunB, c-Jun àti JunD jọra tó bẹ́ẹ̀ tí a fi gbọ́dọ̀ rí ẹ̀rí pé ọ̀kan kò mú èkejì. Ẹ̀rí tó tó ni pé wọ́n fi siRNA tàbí CRISPR pa jíìnì náà nínú keratinocyte, ìlà náà sì pòórá. Bí olùtà áńtíbọ́dì bá kọ ọ́ sára ìgò pé ó dára, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí.

Ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì inú àwo gbà wá lọ́kàn púpọ̀, ẹ ṣe sùúrù fún wa níbí. Sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ HaCaT ni ọ̀pọ̀ ń lò. Láti 1988 ni wọ́n ti ṣàpèjúwe rẹ̀: keratinocyte èèyàn tó di aláìkú fúnra rẹ̀, tí ẹ̀dà p53 rẹ̀ méjèèjì, jíìnì tó ń ṣọ́ pínpín sẹ́ẹ̀lì, sì ti bàjẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí adarí jíìnì ṣe ń pinnu bóyá keratinocyte á pín, á gbó tàbí á kú, kó má fi sẹ́ẹ̀lì tí p53 rẹ̀ ti bàjẹ́ nìkan dáhùn. Kó fi keratinocyte tó tọwọ́ èèyàn wá gan-an ṣe é, kó má jẹ́ kí wọ́n kọjá ìpín sínú àwo tuntun kejì tàbí ìkẹta, kó sì lo ti èèyàn mẹ́ta tó yàtọ̀ ó kéré tán. Ihò mẹ́ta nínú àwo kan láti ara ẹnì kan ṣoṣo, èèyàn kan ni wọ́n. Ó ti sú wa láti máa rí i pé "n = 3" túmọ̀ sí ihò mẹ́ta, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá wa dá a dúró.

Omi oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì náà ń tanni. Ọ̀pọ̀ àfikún tí wọ́n ń tà fún keratinocyte ní hydrocortisone, irú steroid kan, nínú. Hydrocortisone ń jí olùgbà glucocorticoid, òun pẹ̀lú jẹ́ adarí jíìnì, ó sì ń tẹ NF-κB àti AP-1 rì. Ẹni tó bá da TNF sórí sẹ́ẹ̀lì tó ń mu hydrocortisone, tó wá rí i pé NF-κB kò jí tó bó ṣe rò, ìpara steroid ló ń dán wò láìmọ̀. Kí wọ́n yọ ọ́ kúrò ní wákàtí 24 ṣáájú, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n yọ ọ́. EGF, tí wọ́n ń fi mú sẹ́ẹ̀lì dàgbà, náà ń jí AP-1. Ìlànà kan náà ni. Kálísíọ̀mù ń kọ́? Ní 0.06 mM, keratinocyte á wà bíi ti ìpele ìsàlẹ̀. Tó bá kọjá 1.2 mM, á bẹ̀rẹ̀ sí gbó, àwọn adarí bíi KLF4 àti GRHL3 á yí iṣẹ́ wọn padà. HaCaT sábà máa ń wà nínú 1.8 mM láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì kò ṣe é fi wéra nínú àwòrán kan. Ohun tó tún burú ni pé keratinocyte tó wà lórí ike máa ń rò pé òun wà lójú ọgbẹ́: ó ń ṣe keratin 6 àti 16 fúnra rẹ̀, àwọn keratin tí a fi ń mọ psoriasis gan-an. Nítorí náà "a rí keratin 16" kò tó nínú àwo pẹlẹbẹ. Awọ tí wọ́n tò ní ìpele-ìpele ní ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń kàn án dára jù.

Àsìkò ni ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rò. p65 ń wọ kóró láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 30 lẹ́yìn TNF. Ó ń jí jíìnì IκBα, IκBα tuntun á lé e jáde, á tún wọlé. Nínú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n wò láàyè, ìlọ-bọ̀ yìí máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 100. Ẹni tó bá wò ó ní wákàtí 24 péré, ó kàn bá a níbi tó bá a ni. STAT3 ń gba fọ́sífétì láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 30 lẹ́yìn IL-22, SOCS3, purotéènì tó jẹ́ ìjánu rẹ̀, á sì wá tẹ̀ ẹ́ rì. IκBζ yàtọ̀: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nígbà tí nǹkan bá rọ̀, mRNA rẹ̀ á fò sókè láàárín wákàtí kan sí méjì. A fẹ́ rí 0, 15, 30, 60, 120 àti 240 ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà 24 wákàtí. IL-17A nìkan kò lágbára púpọ̀ lórí NF-κB. Iṣẹ́ rẹ̀ tó tóbi ni láti mú kí mRNA pẹ́ láyé, àti láti ran TNF lọ́wọ́. Nítorí náà kí wọ́n fi IL-17A nìkan hàn, TNF nìkan, àti méjèèjì pa pọ̀. TNF 10 ng/ml àti IL-17A 10 sí 100 ng/ml ló wọ́pọ̀. Kí wọ́n sọ èyí tí wọ́n lò àti ìdí rẹ̀.

Ìbéèrè kẹta, ti dídi DNA mú, ni wọ́n sábà ń sá fún. ChIP, àyẹ̀wò tó ń fi ibi tí purotéènì ti di DNA mú hàn, á gba sẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ tó mílíọ̀nù kan sókè fún áńtíbọ́dì kọ̀ọ̀kan: formaldehyde ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, glycine 125 mM láti dá a dúró, kí wọ́n sì fọ́ DNA sí wẹ́wẹ́ tó gùn ní 200 sí 500 bp, ìyẹn òṣùwọ̀n gígùn DNA. Tí formaldehyde bá pẹ́ jù, DNA kò ní fọ́ dáadáa, àbájáde á sì kún fún ìdọ̀tí. CUT&RUN, ọ̀nà mìíràn fún iṣẹ́ kan náà, kò nílò tó bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì lè tó o, nítorí náà awọ tí wọ́n gé kékeré kì í ṣe àwáwí mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ọ̀nà tí wọ́n fi tú sẹ́ẹ̀lì: fífi ẹ́ńsáìmù tú awọ ní 37 °C fún wákàtí kan ń jí FOS àti JUN fúnra rẹ̀. Tí AP-1 bá yọ lórí gbogbo sẹ́ẹ̀lì, tó sì jọra nínú awọ tó mọ́ àti ojú àrùn, ẹ fura sí ìtúká náà. Ẹ́ńsáìmù tó ń ṣiṣẹ́ nínú òtútù ló dára jù. Ẹ má sì gba ìwọ̀n mRNA adarí jíìnì nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan bí ìdáhùn, torí mRNA wọn kéré débi pé ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì tó ní in á hàn bí òdo. Àwọn jíìnì tí wọ́n ń darí ni ká wò.

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ẹ béèrè bí nǹkan ṣe rí tí wọ́n bá yọ purotéènì náà. IκBζ di ẹni tí a gbà gbọ́ ní 2015 kì í ṣe nítorí pé ó pọ̀ nínú ojú àrùn nìkan. Eku tí kò ní in kò ní àrùn awọ tí ìpara imiquimod sábà ń fà, jíìnì tí IL-17 ń jí nínú keratinocyte náà sì rọ̀ nígbà tí wọ́n pa á. STAT3 bákan náà: eku tí wọ́n fi STAT3 tó ń ṣiṣẹ́ láìdúró sínú keratinocyte rẹ̀ ní 2005 ń yọ ohun tó jọ psoriasis níbi tí wọ́n bá ti dá ọgbẹ́ sí i lára, ó sì tún nílò sẹ́ẹ̀lì T kí àrùn náà tó pé. Ìyẹn kọ́ wa pé keratinocyte nìkan kò dá a ṣe.

Eku fúnra rẹ̀ ní ààlà. Awọ òkè rẹ̀ jẹ́ ìpele méjì sí mẹ́ta péré, irun bò ó. Imiquimod tí wọ́n ń fi pa á lára láti 2009 ń jí TLR7, olùgbà kan tó ń ta àwọn ọmọ ogun ara jí, TLR7 sì ń lọ tààrà sí NF-κB. Nítorí náà apá kan nínú NF-κB tí ẹ bá rí níbẹ̀ jẹ́ ti ìpara náà. A kò ní kí wọ́n má lò ó. Kí wọ́n kàn má sọ pé eku ti fi hàn pé NF-κB ń fa psoriasis nínú èèyàn.

Ìdí tí a fi ń ké tó báyìí ni oògùn. Pípọ̀ purotéènì kan nínú ojú àrùn lè jẹ́ pé òun ni iná náà, ó sì lè jẹ́ pé òun ni omi tí ara ń dà sórí iná. IκBα àti purotéènì A20 ń pọ̀ nígbà tí NF-κB bá jí, àwọn sì ni ìjánu rẹ̀. Ẹni tó bá rí A20 tó pọ̀, tó wá ń wá oògùn tí á dí i, á tú iná sílẹ̀. AhR ni ẹ̀kọ́ tó dùn jù nínú èyí. Adarí jíìnì ni, kẹ́míkà tó bá dì mọ́ ọn ló ń sọ ohun tó máa ṣe. Ní 2014, ìwádìí fi hàn pé jíjí AhR ń rọ wíwú awọ lọ́rùn, pé àìsí rẹ̀ sì ń mú un le sí i. Ní 2022, ìpara tapinarof tó ń jí AhR gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà fún psoriasis. Ẹni tó bá ti fi iye AhR nìkan pinnu lè ti sọ pé ká dí i.

Kí ẹ tún wo àwọn ìpara àtijọ́. Steroid ń gba ara olùgbà glucocorticoid ṣiṣẹ́. Calcipotriol ń gba ara olùgbà fítámì D, tó ń bá purotéènì mìíràn, RXR, rìn lórí DNA. Tazarotene ń gba ara olùgbà retinoic acid. Adarí jíìnì ni gbogbo wọn. Ó ti pẹ́ tí àwọn aláìsàn ti ń fi adarí jíìnì wo ara wọn sàn. Àwa olùwádìí ló kù tí a kò tíì máa wọn iṣẹ́ wọn bó ṣe yẹ.

Ohun tí a ń tọrọ lọ́wọ́ yín kò tóbi. Nínú fọ́ọ̀mù tí olùkọ̀wé máa ń kún kó tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ẹ fi ojú ewé kan kún un fún gbogbo iṣẹ́ tó bá dárúkọ adarí jíìnì nínú psoriasis. Kó kọ iye èèyàn, kì í ṣe iye ihò, apá ara tí wọ́n ti gé awọ, bí ojú àrùn ti pẹ́ tó, oògùn tí wọ́n dá dúró àti ọ̀sẹ̀ mélòó, ìṣẹ́jú láti gígé dé dídì, ìpele awọ àti irú sẹ́ẹ̀lì tí purotéènì náà ti hàn, bó ṣe wà nínú kóró tàbí lóde rẹ̀, pẹ̀lú lamin àti tubulin níbi tí wọ́n bá ti yà á sọ́tọ̀, ẹ̀rí áńtíbọ́dì, hydrocortisone, EGF àti kálísíọ̀mù inú omi oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì, àwọn àsìkò tí wọ́n wò, àti jíìnì mẹ́ta ó kéré tán tí purotéènì náà dì mọ́, tí iṣẹ́ wọn sì yí padà nígbà tí wọ́n yọ ọ́. Bí àyè kan bá ṣófo, kí iṣẹ́ náà ṣì lè jáde, ṣùgbọ́n kí àkọlé rẹ̀ sọ pé "ó pọ̀ nínú awọ", kó má sọ pé "ó ń fa", "ó ń darí" tàbí "ó jẹ́ ibi tí oògùn lè kọlù". Kí àwòrán blot kíkún, tí wọn kò gé etí rẹ̀, sì wà níbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i.

A ti kọ irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ fún lílò tiwa, a ó sì fi ránṣẹ́ sí olóòtú yòówù tó bá béèrè, kó gé e, kó rán an, kó lò ó bó ṣe wù ú.

Àwa ni,
àwọn òṣìṣẹ́ yàrá ìwádìí sẹ́ẹ̀lì awọ ara.